Ìyá Àgbà Wo Ló Kù Nílé Meech?

"Poole ni wọ́n bí mi sí," ni ìyá arúgbó náà wí. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló fa ọlọ́pàá wọ ilé Meech.

Ìkànìyàn ọbabìnrin ló dé. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, tíṣà Lidden ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní abúlé Coldbere, ó ń gba ìwé tí baálé ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tó sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè sí. Kò sí ẹni tó mọ̀wé kọ nílé Meech. Tíṣà fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń béèrè, ó ń kọ. Nígbà tó bi ìyá arúgbó tó wà nídìí ààrò pé níbo ni wọ́n bí i sí, ìyá ní Poole. Kíá ni Keziah, ìyàwó ilé, já ọ̀rọ̀ gbà.

"Ẹ má dá Màmá lóhùn, tíṣà. Iyè wọn ti ń ra. Coldbere níbí ni wọ́n bí wọn sí."

Tíṣà kọ Coldbere. Ó kọ ọ́ pé Thirza Meech, opó, ìyá Reuben tó jẹ́ baálé ilé. Ó mu tíì tí wọ́n gbé fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Àmọ́ tíṣà Lidden kì í lè panu mọ́ bí ọtí ápù bá ti wọ̀ ọ́ lára. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé etí Ọ̀gbẹ́ni Crabb, ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀ Coldbere fún onílẹ̀. Crabb ránṣẹ́ pe Sájẹ́ǹtì Trevett.

*

"Ṣé ẹ mọ ilé Meech?" ni Crabb bi í.

"Èyí tó wà létí odò, tí koríko orí rẹ̀ ti ń dúdú."

"Òun náà ni. Orí ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e."

Trevett mi orí pé ó yé òun. Bí àwọn bàbá wọn ṣe ń gba ilé ní apá ibẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe ọdún ni wọ́n ń kà, ẹ̀mí ni. Wọ́n á kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta sínú àdéhùn. Bí ẹnì kan péré nínú wọn bá ṣì ń mí, ilé ṣì jẹ́ ti ìdílé. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá gbẹ́mìí mì, ilé padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Job Meech, bàbá Reuben, ti kú tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ bá òkun lọ. Ó ku Thirza, ìyàwó Job.

"Ìyá arúgbó méjì ló wà nínú ilé yẹn títí di ìgbà òtútù tó kọjá," Crabb ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Thirza, àti opó kan tí wọ́n gbà sílé, Dorcas Samways, ọmọ Poole. Ọ̀kan kú nígbà yìnyín. Wọ́n ní Dorcas ni, wọ́n sì sin ín ní Dorcas. Èyí tó kù, wọ́n bi í níbi tí wọ́n bí i sí, ó ní Poole. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó."

"Ẹ̀yin ò mọ Thirza lójú ni?"

"Ọdún kejì mi rèé níbí. Obìnrin tí kò yọjú síta mọ́, tó ń fi fìlà ńlá bo ojú, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àlùfáà pàápàá, ìjọ mẹ́rin ló ń bójú tó. Á sáré dé, á gbàdúrà, á gun ẹṣin rẹ̀ lọ."

"Bó bá wá jẹ́ Thirza ló kú ńkọ́?"

"A ó wó ilé náà. Onílẹ̀ ò fẹ́ ahéré lórí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Crabb wo ojú fèrèsé. "Ilé àwọn aláìní wà fún irú wọn."

Trevett mọ ilé yẹn. Ọkọ á gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ìyàwó á gba òmíràn, wọ́n á kó àwọn ọmọ sí ọ̀tọ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Keziah Meech lóyún sínú, ó sì ní ọmọ mẹ́ta nílẹ̀.

*

Kí Enos Trevett tó wọ aṣọ ọlọ́pàá, aago ló ń tún ṣe, aago àti àgádágodo àti ẹ̀rọ tí ń fa omi. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Á tú nǹkan náà palẹ̀, á tẹjú mọ́ ọn títí á fi rí èyí tó ń ti èkejì. Bó ṣe ń wo irọ́ pẹ̀lú nìyẹn. Irọ́ ní eyín bíi ti kẹ̀kẹ́ inú aago, ibì kan sì máa ń wà tí eyín rẹ̀ kò ní wọnú ara wọn.

Keziah ń fún aṣọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé.

"Háà, Sájẹ́ǹtì! Adìyẹ ta ló tún sọnù?"

"Adìyẹ kankan ò sọnù, ìyá Lottie. Màmá ni mo wá kí."

"Ọlọ́pàá tó ń kí arúgbó kiri! Ayé mà ti dáa o."

Inú ilé ṣókùnkùn. Ìyá arúgbó náà jókòó nídìí ààrò, ó ń hun àwọ̀n ẹja, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láìwò ó. Trevett bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, kí lorúkọ yín?"

"Tíṣà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àbí ìwé rẹ̀ ti jóná ni?"

"Ó wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Thirza Meech."

"Kí ló wá gbé Poole wá sẹ́nu yín?"

"Poole lọkọ mi ti ń ta àwọ̀n. Ó bi mí ní ìlú, mo dárúkọ ìlú. Bí ẹ bá dàgbà tó mi, tí ẹ ò bá dárúkọ London, kí ẹ dúpẹ́."

Keziah rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rín náà tètè tán jù.

Trevett sọdá sí òdìkejì ọ̀nà, lọ́dọ̀ Jerusha Legg, aládùúgbò wọn, ẹni tó ti dàgbà tó láti mọ gbogbo ènìyàn láti kékeré. Jerusha ò dìde fún un.

"Ìwọ Enos! Bàbá rẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jí ehoro onílẹ̀ pa, ọmọ rẹ̀ ló wá di ọlọ́pàá lé wa lórí."

"Ẹ ò purọ́, Màmá Legg. Ẹ sọ fún mi, ṣé Thirza ni ìyá tó wà nílé ọ̀hún?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Lọ ká apá òsì aṣọ rẹ̀ sókè, ìwọ aláìgbàgbọ́. Nígbà tó wà lọ́mọge, omi ìfọṣọ gbígbóná dà sí i lápá, àpá rẹ̀ rí bí ewé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Coldbere. Nígbà tí o bá wò ó tán, kí o padà wá tọrọ gáfárà."

Trevett padà. Ìyá arúgbó ká apá aṣọ sókè láìjanpata. Àpá náà wà níbẹ̀, ó rí bí ewé, ó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ iná ààrò.

"Ó tó?" ni ìyá bi í.

"Ó tó, Màmá. Ẹ má bínú."

Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Kò fẹ́ rí irọ́ kankan nílé yìí, ó sì mọ̀ pé òun kò fẹ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó jókòó sórí ògiri òkúta, ó tú búrẹ́dì àti wàràkàṣì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú oòrùn.

*

Oyin ló gba ojú rẹ̀.

Ilé oyin mẹ́rin, tí wọ́n fi koríko hun bí agbọ̀n tí a dojú rẹ̀ dé, tò sórí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń wò wọ́n lásán ni, bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ṣe máa ń wo òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí i pé iṣẹ́ wọn kò lọ déédéé. Oyin yẹ kó máa tẹnu ilé rẹ̀ fò jáde tààrà sí oòrùn. Àwọn wọ̀nyí ń rá pálá jáde láti ẹ̀yìn, láàárín ilé wọn àti òkúta, bí èéfín tó ń yọ lẹ́yìn ìkòkò. Ó dìde. Ẹnu ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú sí ògiri.

Olóyin wo ló máa ń ṣe irú èyí? Reuben kì í ṣe ọ̀lẹ: ọgbà rẹ̀ tọ́ bí okùn. Trevett bẹ̀rẹ̀ mọ́ pákó náà. Níwájú, lápá oòrùn, ojú pákó ti dúdú, ó ń dán, níbi tí ẹsẹ̀ oyin ti ń balẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lápá ògiri, pákó ṣì mọ́. Ẹnì kan ti yí wọn, kò sì tíì pẹ́.

Ẹnu rẹ̀ dúró lórí búrẹ́dì. Ọmọ apá ibẹ̀ ni, kò nílò ẹni tí yóò là á yé e. Bí wọ́n bá ti ń gbé pósí ẹni tó ni oyin jáde, ẹnì kan á ti wà nídìí oyin, á kan ilé wọn, á sọ fún wọn pé ẹni tó ni yín ti lọ, á sì yí wọn kúrò lójú ibi tí wọ́n kọ sí. Bí wọn ò bá ṣe é, oyin á kú tàbí kí wọ́n ṣí lọ. Ọdún gbọ́dọ̀ yí kí wọ́n tó dá wọn padà. Ẹni tó ni oyin nìkan ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Kò sẹ́ni tó ń yí oyin nítorí àlejò.

Ó gbìyànjú láti rí ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà túmọ̀ rẹ̀. Bóyá nígbà tí Job kú ni? Àmọ́ Job ti pẹ́ ní sàréè, wọn ìbá ti dá oyin padà, apá ògiri ìbá sì ti dúdú. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, pósí kan péré ló jáde nínú ilé yìí. Pósí àlejò, wọ́n ní.

Reuben Meech dé láti oko, irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Ó rí ibi tí Trevett bẹ̀rẹ̀ sí. Ó dúró.

"Reuben, ta ló yí ilé oyin yìí?"

"Atẹ́gùn ni, Sájẹ́ǹtì."

"Atẹ́gùn tó yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò da ọ̀kan nù?"

Reuben gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹnì kan yọ egungun kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi ló ni wọ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo purọ́ fún àlùfáà. Ìyàwó mi purọ́ fún ìwé ọbabìnrin. Mo lè dúró síbí kí n purọ́ fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n oyin… Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé àlejò ló kú? Wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ̀."

"Oyin ò lè sọ ọ́ ní kóòtù, Reuben. Ò bá kúkú ti yí wọn padà."

"Mo mọ̀. Keziah ti fi ìyẹn bú mi tó. Ọwọ́ mi ò gbà á."

*

Ìyá arúgbó fúnra rẹ̀ ló jáde bá wọn, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri. Nínú oòrùn, Trevett rí apá òsì rẹ̀ tó ṣì wà lóde. Àpá jíjó ti àtijọ́ máa ń funfun, ó máa ń le bí ìda tó ti tutù. Èyí pupa yòò, awọ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun.

"Ta ló jó yín lápá, Màmá Samways?"

Ìyá arúgbó gbé orí sókè. Ó dà bíi pé ó ń tẹ́tí sí orúkọ náà.

"Èmi ni. Omi gbígbóná ni mo lò. Jerusha ló júwe bí ti Thirza ṣe rí. Keziah ń sunkún, mo ní kó jáde lọ bá adìyẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbà láti ṣe é?"

"Èmi ni mo dá a lábàá. Nígbà tí gbogbo ayé ń lé mi, tí wọ́n ní kí n padà sí Poole lọ kú, Thirza ní kí n sún mọ́ iná. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ oúnjẹ wọn. Nígbà tó kú, mo wo ohun tí mo ní. Fìlà kan, abẹ́rẹ́ àwọ̀n kan, àti orúkọ. Orúkọ ló wúlò fún wọn."

"Kò sẹ́ni tó ń wá yín?"

Reuben yí ojú kúrò. Ìyá arúgbó ló sọ ọ́.

"Mo ní ọmọ kan, Jabez. Newfoundland lókè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹja, kò ránṣẹ́ rí, mo rò pé òkun ti gbé e. Oṣù tó kọjá ló dé. Wọ́n mú un lọ síbi sàréè. Mo wà lójú fèrèsé òkè tó kọjú síbẹ̀, mo rí i tó kúnlẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń pá bíi ti bàbá rẹ̀." Ó fi ahọ́n la ètè. "Ó ń sunkún fún Thirza, kò sì mọ̀ ọ́n rí."

"Ẹ ò pè é?"

"Àwọn ọmọ Keziah ń jẹun lọ́wọ́ nísàlẹ̀."

Ìyá arúgbó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ bo àpá náà.

"Ó ṣì wà ní Poole," ìyá ń bá a lọ, "ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e padà. Ẹ gbọ́, Sájẹ́ǹtì. Mo ti rò ó kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá sọ òótọ́, màá rí ọmọ mi, àwọn yìí á sì bọ́ síta. Bí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, ilé wọn dúró. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀."

"Ẹ ti dàgbà, Màmá. Bí ẹ bá kú lọ́la ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ kú? Egungun mi le ju ti ẹṣin yín lọ. Mo fẹ́ kí èyí tó wà níkùn Keziah tó ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Crabb máa wó ohun tó bá wù ú."

Trevett mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀. Kò ṣèlérí ohunkóhun. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé Crabb ló fi ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, tó ń tò ó padà, kò sì rí ibi tí ó ti lè tò ó kí gbogbo eyín rẹ̀ wọnú ara wọn.

*

"Thirza Meech ni," ó wí fún Crabb. "Mo rí àpá ara rẹ̀. Aládùúgbò wọn jẹ́rìí sí i."

"Poole tó dárúkọ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ arúgbó ni."

"Ó ṣàìsàn? Orí rẹ̀ dàrú?"

Trevett rò pé Crabb ń wá ibi tí ó ti lè gún irọ́ náà. Ó sáré dí i. "Rárá o. Ara rẹ̀ le. Ó fi ọ̀rọ̀ gbá mi mọ́lẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Crabb fa kálàmù rẹ̀ jáde. Inú kò bí i, kò sì yọ̀. "Níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ le, kí ó wá bura níwájú adájọ́ ní ìlú Dorchester. Òfin gbà á fún onílẹ̀ pé kí ó ní kí wọ́n mú ẹ̀mí tó kù wá, kí wọ́n fojú rí i. Tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n lọ bá a nílé ni, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ ti wá yọ wá nínú wàhálà."

Trevett mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Irọ́ tó ti jáde kò ṣe é pè padà.

Òjò ló bá wọn lójú ọ̀nà, lórí òkè tí kò sí igi kankan, nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí Reuben yá. Ìyá arúgbó bura. Ó fi ọwọ́ lé Bíbélì, ó ní òun ni Thirza Meech, pé Coldbere ni wọ́n bí òun sí. Adájọ́ wo àpá náà láti òkèèrè, ó ní ẹjọ́ ti parí, ilé jẹ́ ti Meech. Òjò náà tún bá wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ikọ́ mú un. Keziah fi bíríkì gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, ó ń fún un ní oyin àti ọtí ápù mu. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀mí kẹta ti lọ.

Trevett gun ẹṣin lọ sí Poole ní ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ ojú omi ti ṣí. Ẹnì kan ní èbúté rántí ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ń pá, tó ra òkúta sàréè kékeré kan kó tó wọ ọkọ̀, tó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Coldbere. Trevett rò ó pé òun lè kọ lẹ́tà sí i ní Newfoundland. Kí ni yóò kọ síbẹ̀? Pé ìyá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń wò ó? Ó padà sílé.

Àlùfáà sáré dé, ó gbàdúrà lórí Thirza Meech, ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

*

Ọjọ́ tí wọ́n kó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ onílẹ̀ ti wà lórí òrùlé, wọ́n ń fa koríko ya. Crabb dúró létí odò, ó ń wo òkè. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lódìkejì ni Jerusha dúró sí, kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹrù nínú kẹ̀kẹ́, Reuben di ìjánu ẹṣin mú. Ilé àwọn aláìní kò rán kẹ̀kẹ́ wá; èyí tí Reuben yá ni wọ́n fi ń lọ síbẹ̀.

Trevett sún mọ́ Keziah. "Ìyá Lottie, mo ṣe èyí tí mo rò pé ó dáa jù."

"Mo mọ̀, Sájẹ́ǹtì." Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Mo kàn ń rò ó ni. Ká ní ẹ sọ òótọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rí oyin, ibi tí à ń lọ yìí náà ni à bá lọ. Kò sí ohun tó máa yí padà fún wa." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó yẹn ìbá ti rí ọmọ rẹ̀. Wọn ìbá sì ti sin ín ní Dorcas."

Trevett ṣí fìlà rẹ̀ lórí.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn ọgbà fún wa," ni Reuben wí. "Ẹṣin yìí kì í dúró pẹ́."

Sájẹ́ǹtì lọ ṣí i, ó dì í mú kí atẹ́gùn má baà tì í padà, títí kẹ̀kẹ́ fi kọjá.